Ọgọ́ta Tí Páílọ́ọ̀tì Sọ fún Mi

Ní Ìkàrẹ́ níbí, bí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nípa hẹlikọ́pítà tó já sórí òkè Ọ̀kà, ohun tí wọn yóò sọ fún yín ni pé páílọ́ọ̀tì mutí yó. Wọn kò mọ orúkọ rẹ̀, wọn kò mọ ìlú rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n mọ irú ọtí tó mu. Ẹnìkan á ní ògógóró ni. Ẹlòmíràn á ní rárá, ọtí òyìnbó ni. Mo wà nínú ọkọ̀ náà. Omi nìkan ni mo rí tí ọkùnrin yẹn mu, kò sì mu ún tán.

Mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni nínú ohun tí mò ń kọ yìí. Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn jù ṣì wà láàyè, ó lágbára, ó sì mọ ilé mi. Páàtì ọ̀kadà ni mo ń tà. Ṣọ́ọ̀bù mi kò ju ilẹ̀kùn kan lọ, mo sì fẹ́ máa rí i ṣí láràárọ̀. Ṣùgbọ́n òkú tí wọ́n bà lórúkọ jẹ́ kò lè dáhùn fúnra rẹ̀, èmi nìkan ló sì kù tó gbọ́ ohun tó sọ, yàtọ̀ sí ẹni tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ọ.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló kú sí Àkúrẹ́, lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin. Ọmọ Ọ̀kà ni wá. Nínú ilé tiwa, bí àgbàlagbà bá kú sí ìdálẹ̀, ẹnìkan gbọ́dọ̀ jókòó ti orí pósí láti ibi tí wọ́n ti gbé e títí dé ẹnu ọ̀nà ilé, kó máa pe ọ̀nà fún un: “Bàbá, a ti dé Ọ̀wọ̀ o. Bàbá, à ń gorí afárá o.” Àwọn àgbà wa gbà pé òkú tí wọn kò bá pe ọ̀nà fún kì í délé, á sọ̀ kalẹ̀ níbi tí ọ̀nà bá ti dàrú mọ́ ọn lójú. A kì í sì í gbé àgbà sáré wọ̀lú. Bí ọkọ̀ òkú bá ti kan ààlà Ọ̀kà, dírẹ́bà á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ bí ìgbín. Mo ti rí ọkọ̀ òkú tí àwọn ọmọdé ń fẹsẹ̀ rìn kọjá.

Àkọ́bí bàbá náà, tí mo ń pè ní Ẹ̀gbọ́n, agbaṣẹ́ṣe ni ní Àbújá. Nígbà tá à ń wí yìí, ẹ̀rù ajínigbé kò jẹ́ kéèyàn fọkàn balẹ̀ lójú ọ̀nà tó ti Ọ̀wọ̀ wá sí Àkókó. Ẹ̀gbọ́n ní bàbá òun kò ní gba ibẹ̀. Ó ní hẹlikọ́pítà ni yóò gbé e wálé. Gbogbo Ọ̀kà gbọ́, wọ́n sì ń múra láti wòran.

Ní àgbàlá mọ́ṣúárì, wọ́n béèrè ẹni tí yóò pe ọ̀nà. Gbogbo mọ̀lẹ́bí ń wolẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wò mí láti orí dé ẹsẹ̀.

“Ìwọ ni,” ó ní. “Bí ìwọ bá kú, kò sí ibi tó máa jò.”

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín.

“Ẹ̀gbọ́n, mi ò wọ bàálù rí.”

“Bàbá náà ò wọ̀ ọ́ rí. Ẹ jọ máa kọ́ ọ.”

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín, èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Gbogbo wa la máa ń bá a rẹ́rìn-ín, torí ẹni tí kò bá rẹ́rìn-ín ló máa ń kàn tẹ̀ lé e.

Òjò ń rọ̀ winniwinni ní pápákọ̀ òfurufú Àkúrẹ́. Páílọ́ọ̀tì náà tẹ́ẹ́rẹ́, á tó ẹni ogójì ọdún, Yorùbá Ìjẹ̀bú ló ń sọ. Wọ́n ti tú àwọn àga ẹ̀yìn kúrò, ó ku ẹyọ kan. Òun fúnra rẹ̀ ló fi bẹ́líìtì di pósí mọ́lẹ̀. Kó tó fọwọ́ kàn án, ó tẹrí ba díẹ̀, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, sà.”

“Kò ní dá ẹ lóhùn,” Ẹ̀gbọ́n ní. “Di nǹkan.”

Nígbà tó dì í tán, páílọ́ọ̀tì wá bá Ẹ̀gbọ́n. “Sà, kùrukùru wà lórí òkè yín. Bí mo bá rí ilẹ̀, màá balẹ̀ ní pápá ilé ìwé bí ẹ ṣe wí. Bí mi ò bá rí i, màá máa wo mítà nìkan fò kọjá lókè, màá yí padà wá sí Àkúrẹ́, ká dúró kó là.”

“Yí padà bọ̀ níbí? Pẹ̀lú bàbá mi? Ṣé iṣu lo rò pé a fẹ́ẹ́ gbé lọ sọ́jà ni, tí ò tà, tí a wá ń gbé bọ̀?”

Fóònù Ẹ̀gbọ́n dún, ó sì bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo sún mọ́ páílọ́ọ̀tì.

“Ẹ má bínú, sà. Bí kùrukùru yẹn bá bò wá ńkọ́?”

Ó wò mí, ó rí i pé ẹ̀rù ń bà mí lóòótọ́. “Iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe, ẹ̀gbọ́n?”

“Páàtì ọ̀kadà ni mo ń tà.”

“Ó dáa. Bí ọ̀kadà bá ń sáré, ṣé ó máa ń gbọ̀n síbí gbọ̀n sọ́hùn-ún?”

“Rárá. Ìgbà tó bá ń wọ́ ni. Bí ẹrù bá tún wà lẹ́yìn, ó lè gbé èèyàn ṣubú.”

“Kí lẹ fi ń gbà á?”

“Ẹsẹ̀. Ojú náà.”

“Ẹ wá dijú, kẹ́ ẹ sì gbé ẹsẹ̀ kúrò nílẹ̀.” Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. “Bí hẹlikọ́pítà ṣe rí nìyẹn. Bí mo bá ń ríta, mo lè dá a dúró sójú kan, bí ẹni dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀. Bí mi ò bá ríta, tó jẹ́ mítà nìkan ni mò ń wò, eré kan wà tí ọkọ̀ kò gbọdọ̀ wá sísàlẹ̀ rẹ̀. Àwọn tó ṣe ọkọ̀ ló fi òfin dè é. Ti eléyìí, ọgọ́ta ni lórí mítà eré. Bó bá ti ju ọgọ́ta lọ, ọkọ̀ fúnra rẹ̀ á máa wá bí òun ṣe máa dúró ṣánṣán. Bó bá ti dín, gbogbo ibi ló fẹ́ẹ́ yí sí. Bó bá wá lọ sílẹ̀ jù, mítà eré pàápàá á bẹ̀rẹ̀ sí í purọ́.”

“Ẹ ò ní jẹ́ kó dín?”

“Mo níyàwó nílé, ẹ̀gbọ́n. Mi ò ní jẹ́ kó dín.”

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fi ara tì tí mo fi lè wọ ọkọ̀.

Ẹ̀gbọ́n jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ páílọ́ọ̀tì. Èmi wà lẹ́yìn, níbi orí pósí. Wọ́n fún wa ní ohun kan tí à ń dé sí etí, tí a fi ń gbọ́ ara wa nínú ariwo ọkọ̀. Láti ibi tí mo wà, mo lè rí mítà eré láàárín èjìká àwọn méjèèjì. Mo ti béèrè èyí tó jẹ́ lọ́wọ́ páílọ́ọ̀tì, ó sì ti fi ìka tọ́ ọ sí mi.

“Bàbá, a ti gbéra ní Àkúrẹ́ o.”

“Pariwo dáadáa,” ohùn Ẹ̀gbọ́n wọ inú etí mi. “Etí rẹ̀ ti di kó tó kú.”

Mò ń pe ọ̀nà. Mo rí òrùlé, mo rí títì, mo rí àwọn ọkọ̀ bíi yànmù-yánmú lórí rẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún òkú. Nígbà tí a kọjá lókè Ọ̀wọ̀, ara mi ti ń balẹ̀ díẹ̀.

Lẹ́yìn Ọ̀wọ̀, ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ga, kùrukùru sì ń sọ̀ kalẹ̀ wá pàdé rẹ̀. Páílọ́ọ̀tì ní, “Mò ń wọnú rẹ̀ o. Mò ń gòkè.” Lójú ẹsẹ̀, ó dà bí ẹni pé wọ́n fi ògì pa gbogbo gíláàsì. Kò sí òkè, kò sí ìsàlẹ̀. Ara mi ń sọ fún mi pé a ti fì sápá òsì, ṣùgbọ́n nínú mítà tó ń fi bí ọkọ̀ ṣe dúró hàn, ṣánṣán la wà. Páílọ́ọ̀tì kò wo ìta mọ́ rárá. Ojú rẹ̀ ń lọ láti mítà kan sí òmíràn. Abẹ́rẹ́ mítà eré wà lórí ọgọ́rin. Mò ń ṣọ́ ọ bí ẹni tó ń ṣọ́ ọmọ tó sùn sétí kànga.

“Kí ló dé tí o dákẹ́?” Ẹ̀gbọ́n bi mí.

“Mi ò rí nǹkan kan, Ẹ̀gbọ́n.”

“Bàbá mi wà níbo báyìí?”

“Mi ò mọ̀.”

“O ò mọ̀. Torí ẹnu rẹ la ṣe gbé ẹ wá, ẹnu náà ti kú ṣáájú ẹ.” Ó yíjú sí páílọ́ọ̀tì. “Ó yẹ ká ti wọ Ọ̀kà. Rọra.”

“Mi ò lè rọra, sà. Mi ò ríta. A ti ga ju òkè yín lọ báyìí, ẹ jẹ́ ká kọjá, ká yí padà.”

“A kì í gbé àgbà sáré wọ̀lú.”

“Ọkọ̀ yìí ò mọ̀ ọ́n, sà.”

Ẹ̀gbọ́n rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Àwa tí a mọ̀ ọ́n mọ̀ pé ìgbà tó bá rẹ ohùn sílẹ̀ ló burú jù.

“O mọ̀ pé ọ̀gá rẹ máa ń dọ̀bálẹ̀ fún mi? Bí mo bá pè é lónìí, kẹ̀kẹ́ Márúwá lo máa wà ní Ìjẹ̀bú lọ́la.”

Páílọ́ọ̀tì ń wo mítà rẹ̀ lọ.

“Àbí ẹ̀rù ló ń bà ọ́? Ìyá mi ń ru iṣu láti oko gba inú kùrukùru yìí, pẹ̀lú oyún nínú. Kò wo mítà.” Ó fi ìka kan kan ọrùn páílọ́ọ̀tì, ó wá na ìka náà sẹ́yìn kí n lè rí i pé ó tutù. “Wò ó, ó ń làágùn. Obìnrin tó ń rọbí nìkan ni mo mọ̀ tó ń làágùn báyìí. Máa rọbí lọ, ìyá ìkókó.”

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì ń dúró kí èmi náà rẹ́rìn-ín. Ìgbà yẹn ni kùrukùru já lójú kan nísàlẹ̀, lápá ọ̀tún. A rí páànù tó ti dípẹtà, a rí pápá, a rí àwọn èèyàn kéékèèké nínú rẹ̀ tí wọ́n gbójú sókè. Ẹ̀gbọ́n lu èjìká páílọ́ọ̀tì.

“Wò wọ́n! Wọ́n ń gbọ́ wa! Dúró kí wọ́n rí bàbá mi!”

“Ihò lásán ni, sà. Ó máa dí.”

“Mo ní kó o dúró! Ṣé ẹrú ni bàbá mi, tí wàá fi gbé e sáré kọjá lórí àwọn èèyàn rẹ̀?”

Páílọ́ọ̀tì wo ihò náà. Ó gbé imú ọkọ̀ sókè díẹ̀, ọkọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í dẹwọ́. Mo ti ro ọ̀rọ̀ yìí síwá sẹ́yìn lọ́pọ̀lọpọ̀. Mo gbà pé ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni pé òun ń rí ilẹ̀, bí òun bá sì ń rí ilẹ̀, òun lè rọra. Abẹ́rẹ́ kúrò lórí ọgọ́rin, ó dé àádọ́rin, ó gba ọgọ́ta kọjá, ó ń lọ sílẹ̀. Bí ẹni pa igbá dé ni ihò náà ṣe dí.

A tún wà nínú funfun, ṣùgbọ́n a ò sáré mọ́.

Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Imú rẹ̀ gòkè, ó rọ̀, ó tún fì sí ẹ̀gbẹ́. Páílọ́ọ̀tì ti ọ̀pá ìdarí síwájú, ó ń sọ ọ́ sínú pé, “Ọgọ́ta. Ọgọ́ta.” Abẹ́rẹ́ náà ń fò, ó ń já lulẹ̀, ó tún ń fò, kò sọ òótọ́ mọ́. Nínú mítà kejì a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ara tèmi sì ń sọ fún mi pé ṣánṣán la jókòó. Ẹ̀gbọ́n ń pariwo orúkọ Jésù. Mo la ẹnu láti pe bàbá. Òkúta dúdú yọ nínú ògì yẹn, ó sún mọ́ wa ju bí ìwé yìí ṣe sún mọ́ ojú ẹni tó ń kà á lọ.

Nígbà tí mo lajú, òjò ló ń rọ̀ sí mi lójú, òórùn bíi ti kẹrosíìnì sì gba gbogbo ibẹ̀. Pósí ti já kúrò nínú bẹ́líìtì, ó dùbúlẹ̀ lé èjìká mi, eegun mi sì ti kán lábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wà níta lórí koríko, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kọjú sí ibi tí kò yẹ. Páílọ́ọ̀tì so rọ̀ nínú bẹ́líìtì àga rẹ̀. Ó ń mí. Mo ń gbọ́ ọ, bí ẹni ń hanrun.

Àwọn àgbẹ̀ gòkè wá láti inú oko iṣu. Ẹni tó ṣáájú mú àdá dání. Wọ́n rí pósí, wọ́n sún sẹ́yìn.

“Ẹ gbé bàbá mi!” Ẹ̀gbọ́n ké sí wọn. Wọ́n mọ ohùn rẹ̀.

Mo ní, “Páílọ́ọ̀tì ṣì ń mí. Ẹ jọ̀ọ́.”

“Ẹ gbé bàbá mi ná! Ẹni tó pa wá nìyẹn. Ẹ jẹ́ kó dúró síbẹ̀ kó wo ohun tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe.”

Gbogbo ọwọ́ tó lágbára ló lọ sábẹ́ pósí. Bí wọ́n ṣe gbé e kúrò lára mi, wọ́n gbé e sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè náà, jẹ́jẹ́, jẹ́jẹ́, bí ó ti yẹ kí á gbé àgbà wọ̀lú. Mò ń tẹ́tí sí mímí ọkùnrin yẹn. Ó dá kí wọ́n tó padà.

Ọsibítù kan ní Ìkàrẹ́ ni wọ́n kó wa lọ. Ẹ̀gbọ́n wà nínú yàrá àdáni, èmi wà láàárín ọ̀pọ̀ èèyàn. Gbogbo ẹni tó wá kí i ló ń sọ fún pé òórùn ọtí ló gba inú ọkọ̀ kan láti Àkúrẹ́. Kí n tó lè jókòó, ọ̀rọ̀ náà ti dé Ògbàgì, ó ti dé Ṣúpárè, ó sì ti ní ohun tí wọ́n fi kún un. Wọ́n sin bàbá. Àwọn tó ni hẹlikọ́pítà fi ọkọ̀ akẹ́rù kékeré wá gbé òkú páílọ́ọ̀tì lọ, kò sẹ́ni tó jókòó tì í.

Kí àwọn olùwádìí ìjọba tó dé, Ẹ̀gbọ́n ní kí wọ́n fi kẹ̀kẹ́ aláìsàn ti òun wá síbi bẹ́ẹ̀dì mi.

“Àbúrò, kí lo máa sọ fún wọn?”

“Ohun tí mo rí, Ẹ̀gbọ́n.”

“Ẹnu ara rẹ lo fi sọ pé o ò rí nǹkan kan.” Ó gbé ọwọ́ lé èjìká mi tó kán, ó rọra ń gbá a bí ẹni ń rẹ ọmọ. Lẹ́yìn náà kò rọra mọ́. “Ṣọ́ọ̀bù rẹ yẹn, ṣé pákó ni wọ́n fi kan òrùlé ẹ̀?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

“Pákó máa ń tètè gbaná,” ó ní, ó sì ní kí wọ́n ti òun padà.

Síbẹ̀ mo sọ ọ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀, torí mo rò pé mò ń wẹ ọkùnrin yẹn mọ́ ni. Obìnrin oníwà pẹ̀lẹ́ kan ló ń bi mí.

“Ṣé ó mọ̀ pé kò gbọdọ̀ dín ní ọgọ́ta?”

“Ó mọ̀ ọ́n dáadáa, mà. Òun ló ṣàlàyé fún mi kí á tó gbéra.”

“Ẹ sì rí i tó dín in.”

“Wọ́n ń pariwo mọ́ ọn ni, mà. Wọ́n ń bú u.”

“Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ta ni ọ̀pá ìdarí wà lọ́wọ́ rẹ̀?”

Mo wo ojú rẹ̀. “Òun ni.”

Ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Nígbà tí àbájáde wọn jáde, wọ́n ní kò sí ọtí nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Wọ́n ní ó mọ òfin, ojú rẹ̀ sì dá, ó sì jẹ́ kí eré ọkọ̀ wá sísàlẹ̀ ohun tí òfin gbà nígbà tó yẹ kó máa bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Wọ́n mẹ́nu kan ariwo èrò inú ọkọ̀, bí ẹni mẹ́nu kan òjò. Ní Ìkàrẹ́, kò sẹ́ni tó bìkítà fún un. Ẹ̀gbọ́n kà á, ó sì pè mí lórí fóònù.

“Àbúrò, o káre! Èmi ní ó mutí. Ọtí lè ṣe ẹnikẹ́ni. Ìwọ lo wá jẹ́rìí pé ojú rẹ̀ là kedere nígbà tó ń ṣe é. Nínú èmi àti ìwọ, ta ló sin ín?” Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un. “Máa ta páàtì ẹ. Mi ò bínú mọ́.”

Ìyàwó páílọ́ọ̀tì wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní ọ̀sán ọjọ́ kan, nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Ó kí mi, ó sọ ẹni tó jẹ́, kò sì jókòó.

“Ṣé lóòótọ́ ló sọ nọ́ńbà yẹn fún yín, sà?”

“Lóòótọ́ ni.”

“Kí ló tún sọ?”

“Ó ní òun níyàwó nílé.”

Ó ń wo àwọn ṣéènì àti táyà tí mo fi kọ́. “Nígbà tí wọ́n ní ó mutí, mo bá wọn jà. Mo mọ̀ pé irọ́ ni, mo sì mọ bí mo ṣe lè jà á. Èyí tẹ́ ẹ wá sọ yìí, báwo ni kí n ṣe bá a jà? Ó mọ̀, ó sì rántí mi, ó tún ṣe é.” Ó nu imú. “Ẹ mú mi lọ síbẹ̀.”

Mi ò tíì padà sórí òkè yẹn láti ọjọ́ náà, ẹ̀rù sì ń bà mí, ṣùgbọ́n mi ò lè kọ̀ fún un. A gun ọ̀kadà gba Àkùngbá lọ sí Ọ̀kà, a sì fẹsẹ̀ gòkè. Ojú ọ̀run mọ́ kedere, à ń rí òkè Ìkàrẹ́ lókèèrè. Kò sí irin kankan nílẹ̀ mọ́, àwọn èèyàn ti kó gbogbo rẹ̀. Àgbẹ̀ tó mú àdá dání lọ́jọ́ náà wà lábẹ́ ahéré rẹ̀, ó ń gé èbù iṣu. Ó dá mi mọ̀.

“Háà! Ẹni tí ikú kọ̀!” Ó yíjú sí obìnrin náà. “Màmá, ẹ káàbọ̀. Ṣé ẹ wá wò ó ni? Wọ́n máa ń wá gan-an ni. Ibí yìí ni páílọ́ọ̀tì ọ̀mùtí yẹn ti fẹ́ẹ́ pa ọmọ ńlá ìlú wa. Ó ti yó débi pé kò mọ òkè yàtọ̀ sí ìsàlẹ̀.”

Mo la ẹnu. Obìnrin náà di apá mi mú, ó fún un pinpin.

“Bẹ́ẹ̀ ni,” ó sọ fún àgbẹ̀ náà. “Èmi náà gbọ́ pé ó mutí.”

“Ó mu ún àmujù! Èmi fúnra mi gbóòórùn ẹ̀.”

“Ọtí ò dáa,” ó ní.

“Kò dáa rárá. Ẹ jókòó, màmá, ó ti rẹ̀ yín.”

Ó wọnú ahéré, ó gbé àga kan ṣoṣo tó ní jáde. Aláwọ dúdú ni, tìmùtìmù rẹ̀ nípọn, ó ti kan igi mọ́ ọn nísàlẹ̀ kó lè dúró. Mo mọ àga náà, ti ẹni tó so rọ̀ ni. Àwọn ibi tí wọ́n fi àdá gé bẹ́líìtì rẹ̀ ṣì wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì.

“Ẹ jókòó dáadáa,” àgbẹ̀ náà ní. “Ó dẹ̀.”

Obìnrin náà dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì jókòó. Àgbẹ̀ náà padà sídìí èbù rẹ̀.